Àpótí Ìwomi: Bí A Ṣe Ya Ẹ̀yìn Ẹja Láìgbé E Kúrò Nínú Omi



Àwòrán mẹ́tàdínlógún ni mo fi ránṣẹ́ sí oníṣègùn ẹranko kan ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Òkúdù tí ó kọjá. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fèsì. Nígbà tí èsì máa dé, ó ní: “Mo rí orí yín, mo rí ìkùukùu, mo sì rí ẹ̀ka igi mángòrò. Ẹja dà?”

Mo tún àwọn àwòrán náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òótọ́ ni ó sọ. Nínú gbogbo wọn, èmi ni mo wà níbẹ̀, tí mo tẹ orí ba bí ẹni tí ń wá owó tó bọ́ sínú kànga, tí ojú ọ̀run sì tẹ́ rẹrẹ lẹ́yìn mi. Ẹja kan tilẹ̀ fara hàn nínú ìkẹtàlá, ṣùgbọ́n ìrù rẹ̀ nìkan ni.

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń sin ẹja àrọ̀ sínú pọ́ńdì oníkọnkéré mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lágbègbè wa, èyí kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹni tí ó bá ti dé Eriwe, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odogbolu, yóò mọ ohun tí mò ń wí: abúlé ẹja ni, pọ́ńdì tí a gbẹ́ sínú ilẹ̀ tò síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ebè inú oko. Ètò ìgbógunti òṣì tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú gbé kalẹ̀ fúnra wọn ni ó bí abúlé náà, olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, tí ó papò dà ní ọdún 2022, sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Bàbá mi lọ wo ibẹ̀ nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì. Ó padà sílé, ó ní òun ti rí iṣẹ́ tí òun yóò máa ṣe títí ọjọ́ alẹ́. Ìyá mi ní kí ó má gba ibi tí òun ń sá aṣọ sí. Ó gbà á.

Ọ̀rọ̀ ojú bàbá mi wá ni èyí tí ó le. Àrùn kan tí í jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín ti mú púpọ̀ lọ nínú ìríran rẹ̀. Oògùn kan wà tí ó gbọ́dọ̀ máa kán sí ojú náà lójoojúmọ́ kí èyí tí ó ṣẹ́ kù má baà lọ, inú pọ́ńdì sì ni owó oògùn náà ti ń wá. Nítorí náà, bí ẹja bá ń kú, kì í ṣe ẹja nìkan ni ó ń kú nílé wa.

Láti bí ọdún méjì, etí ni bàbá mi fi ń sin ẹja. Bí ó bá da oúnjẹ sómi, yóò dúró, yóò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ta omi, yóò sì sọ bí ara wọn ti rí. Kò sì ṣì í rí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà, ariwo dínkù ní pọ́ńdì kejì. Ó ní omi tutù ni, òjò ló fà á. Èmi rí ohun funfun kan lẹ́yìn ẹja bíi mélòó kan nígbà tí wọ́n wá mí sí ojú omi. Ó ní òjìji ìkùukùu ni mo rí. Mo ní kì í ṣe òjìji. Ó wá bi mí pé ṣé èmi tí mò ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ mẹ́fà sínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ ni mo fẹ́ kọ́ òun ní ẹja. Mo dákẹ́. Ẹ mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìbéèrè àgbà ni ó ń wá èsì.

Mo pe oníṣègùn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ ṣe ni kí n fi àwọ̀n gbé ẹja kan jáde, kí n tẹ́ ẹ sórí pákó, kí n yà á. Ó ní kí n má dán an wò. Ẹja àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Ohun yíyọ̀ tí ó bo ara rẹ̀ ni ìpẹ́ rẹ̀. Bí àwọ̀n bá ha á kúrò, ọ̀nà ti là fún kòkòrò àrùn nìyẹn, àwọn tí ara wọn ṣì dá yóò sì bá a lọ. Ó ní kí n ya ẹ̀yìn wọn láti òkè, nínú omi, níbi tí wọ́n wà. Bí ó ṣe di àwòrán mẹ́tàdínlógún nìyẹn.

Kí ni ó dé tí omi kì í fẹ́ kí a ya ohun tí ó wà nínú rẹ̀? Bí a bá dúró gangan lókè omi tí ó pa rọ́rọ́, nǹkan bí 2 péré nínú 100 ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ lù ú ni ó ń ta padà sí wa. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ju ẹ̀yìn ẹja dúdú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, débi pé díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó láti bo gbogbo ohun tí ẹja ní. Bí a bá sì wo omi ní ìdàgẹ̀rẹ̀, èyí tí ó ń ta padà yóò pọ̀ sí i. Èyí sì jẹ́ omi tí ó dúró jẹ́ẹ́. Omi pọ́ńdì ẹja àrọ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́, nítorí pé ẹja náà ń mí afẹ́fẹ́ bíi tiwa. Ó ní ẹ̀yà ara kan lókè ìjàgbọ̀n rẹ̀ tí ó fi ń ṣe é, ìdí nìyí tí ó fi lè pẹ́ nínú agbada ẹlẹ́ja lọ́jà láìkú. Ní gbogbo ìgbà ni ọ̀kan ń yọ sókè wá gbé afẹ́fẹ́ mì, tí ó sì ń ru omi. Ìgbì kọ̀ọ̀kan a máa tẹ ìtànṣán sí ọ̀nà tirẹ̀, ẹja tí ó wà nísàlẹ̀ yóò wá dàbí aṣọ tí a ń fún.

Ohun tí a nílò ni pé kí ojú omi má sí láàárín kámẹ́rà àti ẹja. Ó dàbí àlọ́, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Àwọn tí ń wá kànrìnkàn inú òkun ní ilẹ̀ Gíríìsì a máa da òróró sójú omi kí ó lè pa rọ́rọ́, kí wọ́n lè rí ìsàlẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà nì, Benjamin Franklin, dán irú rẹ̀ wò lórí adágún kan ní Clapham, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1774: òróró tí kò ju ṣíbí kan lọ mú kí ibi tí ó fẹ̀ gan-an lórí omi náà pa rọ́rọ́. Nígbà tí ó yá, àwọn oníkànrìnkàn rí ọgbọ́n tí ó mọ́ ju ti òróró lọ. Wọ́n mú garawa, wọ́n yọ ìdí rẹ̀, wọ́n fi gíláàsì dí i, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ omi díẹ̀, wọ́n sì tẹjú mọ́ inú rẹ̀. Gíláàsì kì í ní ìgbì. Ibi tí gíláàsì bá fẹnu kan omi, ojú omi ti kúrò níbẹ̀. Gbogbo àṣírí àpótí náà kò ju báyìí lọ.

Garawa ni èmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo mú rọ́bà ọ̀dà tí ó ṣófo, àbúrò mi ọkùnrin fi ọ̀bẹ gbígbóná yọ ìdí rẹ̀, a gé gíláàsì onígun mẹ́rin, a sì fi gọ́ọ̀mù sílíkónì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nísàlẹ̀. A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó dúró dáadáa lórí tábìlì. Nígbà tí a gbé e bọ omi, kò tó ìṣẹ́jú kan tí omi fi ń yọ́ wọlé. A tún un ṣe, ó tún jò. Nígbà tí mo fi èékánná tu gọ́ọ̀mù náà, odindi ni ó ṣí kúrò lára rọ́bà, bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Lára gíláàsì nìyẹn, kò mira.

Ọkùnrin tí ó gé gíláàsì fún wa ni ó là mí lóye. Ó ní sílíkónì fẹ́ràn gíláàsì, ó sì kórìíra rọ́bà ọ̀dà àti kẹ́ẹ̀gì òróró, nítorí pé irú ike bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí nǹkan kan dì mọ́ òun. (Ohun tí ó mú un dára fún ọ̀dà náà ni, bí a bá rò ó.) Ó ní bí mo bá fẹ́ nǹkan tí kò ní jò, kí n fi gíláàsì ṣe gbogbo rẹ̀, ìdí àti ara. Mo bi í pé èló ni yóò jẹ́. Ó wò mí, ó ní: “Ṣé ẹ kò ní lúfà àtijọ́ nílé ni?”

Ilé wo ni kò ní lúfà àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde? Nígbà tí a pààrọ̀ fèrèsé iwájú ilé, a kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé ìdáná, wọ́n sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà náà tí aláǹgbá ń sáré lórí wọn. Mo fọ méjì. Gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60, ìbú rẹ̀ 15, ó sì nípọn tó mìlímítà 5. Ohun tí ó dùn mọ́ mi nínú lúfà ni pé wọ́n ti ra etí rẹ̀ méjèèjì gígùn tẹ́lẹ̀ kí ó má gé ọwọ́. Ẹ rí i pé ó jẹ́ irú èyí tí ó mọ́ gaara. Èyí tí ó ní òdòdó lára tàbí tí ó ní àwọ̀ kò wúlò níhìn-ín.

Bí a ṣe gé wọn nìyí. Lúfà kìíní di méjì ọgbọọgba, 30 àti 30: ọ̀kan ni ìdí àpótí, èkejì ni ẹ̀gbẹ́ kan. Lára lúfà kejì, a gé 30 fún ẹ̀gbẹ́ kejì, a sì gé 14 lọ́nà méjì fún orí àti ẹsẹ̀. Ó jẹ́ 14 nítorí pé àárín àwọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọn yóò bọ́ sí, mìlímítà 5 sì ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti jẹ lára 15. Ẹyọ tín-ín-rín kan péré ni ó ṣẹ́ kù. A fi sáńpépà ra gbogbo ojú ibi tí a ti gé, nínú omi, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú. Lẹ́yìn náà ni a to ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé ìdí, tí a fi tépù dì wọ́n dúró, tí a fa sílíkónì sí gbogbo oríkèé, tí a sì fi ìka tí a ti rẹ sínú omi ọṣẹ tẹ́ ẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára sílíkónì kí ẹ tó rà á. Èyí tí wọ́n ń tà fún ilé ìwẹ̀, tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí èbu hù, májèlé tí ó ń pa èbu wà nínú rẹ̀, ẹja kò sì yàtọ̀ sí èbu lójú májèlé. Èyí tí kò ní àfikún kankan ni kí ẹ mú. Yóò máa rùn bí ọtí kíkan títí yóò fi gbẹ. Bí òórùn yẹn bá ṣì wà, kò tíì gbẹ. Wákàtí mẹ́rìnlélógún ni mo rò, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rinrin oṣù Òkúdù, wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni mo fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo tẹ́ bébà ìnujú sínú rẹ̀, tí mo gbé e lé omi inú agbada ìfọṣọ fún wákàtí kan. Bébà kò tutù. Mo wá fi ọ̀dà dúdú kun ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti inú, mo fi ìdí nìkan sílẹ̀. Bí ẹ kò bá kùn ún, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ yóò máa kó ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run wọlé, àwòrán yín yóò sì tún kún fún ohun tí ẹ ń sá fún.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìwúwo, nítorí pé ibẹ̀ ni orí mi ti wú jùlọ. Àpótí tí ó ṣófo kì í fẹ́ wọ omi. Omi a máa tì í sókè pẹ̀lú ìwúwo iye omi tí ó lé kúrò níbẹ̀. Ìdí àpótí mi jẹ́ 30 lọ́nà 15. Bí mo bá fẹ́ kí ó wọ omi ní sẹ̀ǹtímítà 5, ó gbọ́dọ̀ lé omi tí ó tó lítà 2 àti ìdá kan nínú mẹ́rin, èyí tí í ṣe kílò 2 àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ garawa fífúyẹ́ ni, apá mi ni ì bá máa tì í mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, apá yóò máa gbọ̀n, àwòrán yóò máa gbọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé àpótí lúfà lé òṣùwọ̀n ìdáná ìyá mi, ó sún mọ́ iye yẹn gan-an. Nítorí náà, bí a ti gbé e lé omi, òun fúnra rẹ̀ ni ó rọra sọ̀kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, tí ó sì dúró. N kò ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá sọ pé mo ṣírò rẹ̀, irọ́ ni mo pa.

Ó dúró, ṣùgbọ́n ìdúró ọ̀mùtí ni. Àpótí náà ga, kò sì fẹ̀. Bí nǹkan kékeré bá fẹnu kan etí rẹ̀, ó fẹ́ dojú dé. Mo mọ èyí lẹ́yìn tí fóònù àbúrò mi ti wọ omi. Mo ra ìrẹsì gbígbẹ́ tí ó sin fóònù náà sí, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí di alẹ́. Ó tún tàn, ṣùgbọ́n agbóhùn rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú. Àtúnṣe tí a ṣe ni pé a gé tíúbù kẹ̀kẹ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́, a fi í di ike omi òfìfo méjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì, tí a dé ìdérí wọn pinpin. Láti ìgbà náà, àpótí kò tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún mọ́. Síbẹ̀, mo máa ń ní kí ẹnìkan di etí rẹ̀ mú.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Ẹ fi etí kan àpótí wọ omi ṣáájú, kí ẹ wá rọra tẹ́ èkejì sílẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá gbé e lé e pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ yóò há sábẹ́ gíláàsì, àwọn fúùfúù kéékèèké yóò sì tò sára àwòrán bí ilẹ̀kẹ̀. Ẹ pa iná fóònù. Ẹ lè tẹ́ fóònù náà sórí gíláàsì gan-an, kí ojú kámẹ́rà rẹ̀ fẹnu kan gíláàsì. Nígbà náà kò sí òjìji kankan tí yóò ríbi gbà wọlé. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́ tó, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì sínú omi láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn òde àpótí. Kí ẹ sì rántí pé omi a máa sún ohun gbogbo sókè lójú wa: ẹja tí ó wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 nísàlẹ̀ yóò dàbí ẹni tí ó wà ní 30. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àwòrán wọn bí ẹja ti gùn tó gbọ́dọ̀ fi ọ̀pá tí a sàmì sí sí ẹ̀gbẹ́ ẹja náà, ní ìjìnlẹ̀ kan náà.

Ohun kan wà tí àpótí yìí kò lè ṣe. Ó ń mú dídán ojú omi kúrò, kò lè mú ìdọ̀tí inú omi kúrò. Omi pọ́ńdì alámọ̀ bíi ti Eriwe a máa ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ tíì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kí ó rí; ẹ kò ní rí ju àtẹ́lẹwọ́ yín lọ nínú rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ fi abọ́ ńlá bu ẹja pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú agbada funfun, kí ẹ wá gbé àpótí lé agbada náà lórí. Tiwa sàn díẹ̀, nítorí pé a ti pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì ṣáájú.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó wọ ẹ̀yìnkùlé, èmi àti àbúrò mi gbé àpótí náà lé pọ́ńdì kejì. Àwọn ẹja sá fún un. A dúró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, lẹ́yìn náà méjì. Mo ya wọ́n. Nígbà tí mo gbé fóònù sókè tí mo fẹ àwòrán náà, n kò rí orí mi, n kò rí mángòrò. Mo rí irùngbọ̀n ẹja, mo rí àwọn tóótòòtó ara rẹ̀, mo sì rí ohun funfun náà, gedegbe: ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká ní ìdí lẹbẹ òkè, ó sì sọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí gàárì lẹ́yìn àwọn ẹṣin tí à ń wò lọ́jọ́ Ojúde Ọba.

Oníṣègùn náà pè kí n tó fi fóònù sápò. Ó ní àrùn tí ó jọ columnaris nìyẹn, pé àmì gàárì funfun yẹn kan náà ni òun ń bẹ̀rù láti ìgbà tí mo ti kọ́kọ́ ṣàlàyé. Ó ní àwòrán kò tó fún ìdájọ́, kí n bu ẹja méjì wá láàyè kí wọ́n lè yẹ̀ wọ́n wò. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí a lè ṣe lọ́jọ́ náà gan-an: kí a dín iye ẹja kù nínú pọ́ńdì kejì nítorí pé wọ́n ti há mọ́ ara wọn jù, kí a pààrọ̀ omi, kí a kó èyí tí ó bá ti le jù kúrò, kí àwọ̀n pọ́ńdì kejì má sì dé ti ìkíní àti ìkẹta. Kòkòrò àrùn náà fẹ́ràn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, àpọ̀jù, àti ara ẹja tí a ti ha. Mo rántí àwọ̀n tí mo fẹ́ fi gbé wọn ní ọjọ́ Ajé.

Ó ku bàbá mi. Mo bá a lórí àga rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo tan fóònù náà kí ó mọ́lẹ̀ dé òpin, mo fẹ àwòrán náà títí ẹ̀yìn ẹja kan ṣoṣo fi gba gbogbo ojú rẹ̀, mo sì gbé e sí ibi tí ìríran rẹ̀ ṣì kù, ní àárín gangan. Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó sún un mọ́ ojú, ó sún un jìnnà, ó tún sún un mọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní: “Ẹja mi nìyí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó ní ó tó ọdún méjì tí òun ti rí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé kí ni oníṣègùn wí, ó sì dìde láti wá bàtà òjò rẹ̀.

A pàdánù àwọn kan. N kò ní pa irọ́ fún yín: láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, òwúrọ̀ mìíràn wà tí à ń kó ẹja mẹ́fà, méje. Ṣùgbọ́n pọ́ńdì kìíní àti ìkẹta kò mọ̀ ọ́n, nígbà tí oṣù sì fi parí, ariwo ti padà sí pọ́ńdì kejì. A rí owó oògùn oṣù náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá mi fi kún un.

Ní báyìí, àpótí náà ti di ti gbogbo ilé. Èmi náà máa ń gbé e lé àpótí ẹja ọ̀ṣọ́ mi ní pálọ̀ láti òkè, mo sì gba ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹja ọ̀ṣọ́ níyànjú pé kí ẹ dán an wò. A ti mọ́ra láti máa wo ẹja láti ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àpótí gíláàsì ẹja di àṣà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí ìyẹn tó dé ni àwọn ará Ṣáínà ti ń sin ẹja aláwọ̀ wúrà sínú ìkòkò àti adágún, tí wọ́n sì ń wò wọ́n láti òkè. Ní Jàpáánù, àwọn irú kan wà tí ẹ̀yìn wọn ni a fi ń ṣèdájọ́ ẹwà wọn títí di òní. Ẹja kan sì wà nínú àwọn omi gúúsù Nàìjíríà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Pantodon buchholzi, tí àwọn olólùfẹ́ ẹja ọ̀ṣọ́ káàkiri àgbáyé ń fi owó rà. Láti ẹ̀gbẹ́, igi gbígbẹ ni ó jọ. Láti òkè, yóò na lẹbẹ rẹ̀ méjèèjì bí ìyẹ́, labalábá sì ni.

Aládùúgbò wa tí òun náà ń sin ẹja wá yá àpótí náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kò tíì dá a padà. Mo ti ń ronú àtiṣe òmíràn. Mo lọ sẹ́yìn ilé ìdáná lánàá láti mú lúfà méjì, mo sì bá ìyá mi níbẹ̀. Ó ti kà wọ́n. Ó ní mẹ́rìnlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé wọ́n ti ku méjìlá, àti pé fèrèsé ilé adìẹ òun ni òun fi wọ́n pamọ́ fún.